Kọ̀mpáílà Ọ̀fẹ́ fún Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Mi

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń wá ìtàn ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá lè gba ibòmíràn lọ. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé girama. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni mò ń bá àwọn ọmọ tí kò mọ ìdajì yàtọ̀ sí ìlọ́po méjì fà á. Bí mo bá wá gun àtẹ̀gùn dé yàrá wa tó wà lókè téńté ilé alájà mẹ́ta, iṣẹ́ mìíràn ti jókòó tó ń dúró dè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba apá rẹ̀, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún gba ohùn rẹ̀ lé e.

Ìka kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún un, ìka ìtọ́ka ọwọ́ ọ̀tún. Ojú rẹ̀ náà sì mú bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá pa ojú dé, bẹ́ẹ̀ ni ló sọ. Bó bá gbé ojú sókè wo àjà, bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àwọn èèyàn ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbé pẹ̀lú ẹni tó jẹ́ pé ojú nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Tí ọ̀rọ̀ bá gùn ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, èmi ni mo máa ń ka ábídí sí i létí: a, b, d, e. Tí mo bá dé orí lẹ́tà tó fẹ́, á pa ojú dé. A ó tún padà bẹ̀rẹ̀ láti orí a.

Ẹ fojú inú wo bí èèyàn ṣe máa fi èyí béèrè omi mímu. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ bí a ti ń bá a parí ọ̀rọ̀. Bó bá ti mú o, tó mú m, mo ti pariwo "Omi!", mo sì ti gbé ife. Mo wá mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mi ò jẹ́ kó dé lẹ́tà kẹta mọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìfẹ́ ni. Àárẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

A ní àbúrò kan, àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Káfíńtà ni gbogbo wa ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, láti ọjọ́ tó fi ìṣó kan àpótí ìjókòó ìyá wa mọ́lẹ̀. Ó wá kí wa ní ọjọ́ Àìkú kan, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ní ẹjọ́ lẹ́nu.

"Àǹtí," ó ní, "mo fẹ́ máa mú Bọ̀dá lọ sọ́dọ̀ mi."

"Kí ni wọ́n ṣe níbí?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ló ti rẹ̀. Ẹ wo ojú yín."

"Ẹni tí ojú mi ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó gbé ojú ẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Mo bínú gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló rán mi ní ilé-ìwé nígbà tí bàbá wa ti kú, òun ló mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ṣé kí wọ́n wá sọ pé nígbà tí ó di aláìsàn, mo dì í lẹ́rù lé ọkọ̀? Bẹ́ẹ̀, kí n má parọ́, apá kan nínú mi fẹ́ kó lọ. Apá yẹn fẹ́ sùn. Apá yẹn gan-an ló jẹ́ kí n pariwo jù ú lọ.

Káfíńtà yíjú sí i. "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ tẹ̀lé mi lọ sílé?"

Ẹ̀gbọ́n mi pa ojú dé.

"Ẹ ò rí i?" Káfíńtà ní.

Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fi èmi sílẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo àjà.

"Ìwọ náà rí i?" mo ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ó lóun á lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lóun ò ní fi mí sílẹ̀. Mo ní kí á jẹ́ kó sọ ọ́ ní kíkún. Mo bẹ̀rẹ̀ ábídí. Ó mú m. Ó mú o. Ó mú f, ó mú ẹ. Mi ò lè mú un mọ́ra.

"Mo fẹ́ dúró!" mo pariwo. "Mo fẹ́ dúró ló fẹ́ sọ!"

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ ìyẹn," Káfíńtà ní. "Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

"Ṣé èmi ni mo ni ojú tó ń pa dé ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ẹnu tó ń kà á."

Ìyàwó Káfíńtà ló dá sí i. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bóyá nítorí pé nínú ìdílé tiwa kò sí àyè. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ wá nǹkan tí wọ́n lè fi sọ ọ́ fúnra wọn, tí ẹnikẹ́ni ò ní bá wọn kà."

A fi ìpinnu náà sí ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Tí ẹ̀rọ bá wà nígbà náà, kí Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ sọ ibi tó fẹ́ gbé. Tí kò bá sí, Káfíńtà á gbé ọkọ̀ wá.

Ètò tó wà lọ́kàn mi kò le. Kí lẹ́tà gàdàgbà-gadagba kún ojú kọ̀ǹpútà, kí iná máa rìn lórí wọn láti ìlà dé ìlà. Bí iná bá dé ìlà tó fẹ́, á fi ìka rẹ̀ tẹ bọ́tìnì. Iná á wá máa rìn lórí lẹ́tà inú ìlà yẹn, á tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà á jáde sísàlẹ̀. Ábídí tí mò ń kà náà ni, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ kì í kánjú, kì í sì í pariwo omi.

Irú rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa sì dà bí ọkọ tó ní ilé méjì, ẹ ò lè mọ alẹ́ tó máa wá. Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n náà ti dàgbà. Bí ẹ bá ṣí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì kan lórí rẹ̀, ẹ lè lọ fọ abọ́ kí ẹ tó padà wá bá a. Ohun tó yẹ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gbé inú rẹ̀ gan-an, tó ń bá a sọ èdè abínibí rẹ̀. Láti ṣe irú ètò yẹn, ẹ nílò kọ̀mpáílà.

Kọ̀mpáílà ni ògbufọ̀. Ohun tí èèyàn kọ, kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ọ. Kọ̀mpáílà ló máa tú u sí òǹkà tí ẹ̀rọ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí: ètò fún ilé-oògùn, ètò fún ilé-ìkàwé, ètò tó ń ka àpò sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló ra kọ̀mpáílà tó ń lò. Ọjọ́ tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, wọ́n rán ẹnì kan wá yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní láti wá òmíràn, ọ̀fẹ́.

Ọ̀sán ni mo fi ń wá a, lẹ́yìn ilé-ìwé. Mo gbé láptọ́ọ̀pù tí ilé-ìwé yá mi sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Ẹ̀gbọ́n ń wò mí láti orí ìrọ̀rí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí iyanrìn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí kọ ọ́ gàdàgbà. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n wo àjà. Mo rò pé ọrùn ló ń dùn ún, mo dìde, mo yí ìrọ̀rí padà, mo sì wá tẹ̀ ẹ́. Ìtọ́wò lásán ni. Gbogbo ètò tó bá ṣe, àpótí kan á kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀ pé ẹ̀dà ìtọ́wò nìyí, ẹ tẹ ibí kí ẹ tó máa lọ, tó bá sì ṣe díẹ̀, á tún yọ, á bo gbogbo lẹ́tà mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní ohùn, wọ́n ní kó máa kí àwọn ná kó tó sọ̀rọ̀. Mo yọ ọ́ dànù.

Ìkejì jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n tún wo àjà. Mo rò pé ooru ni, mo tan fáànù sí i. Mo pa àwòrán mi rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù kí ó lè ráyè wọlé, mo pa ìbéèrè ìdánwò tí mo ti kọ kalẹ̀ rẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọlé tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní òun ò rántí ibi tí òun dé, ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mo gbé orí lé tábìlì. Mi ò sunkún, ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹkún.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ojú ewé kẹta kún fún bọ́tìnì aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n wo àjà. Mo pa fáànù. Mo tẹ ọ̀kan, nǹkan kan sì wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ̀mpáílà. Lọ́jọ́ kejì, mo so láptọ́ọ̀pù náà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri níwájú kíláàsì láti fi ṣàlàyé igun mẹ́ta. Dípò igun mẹ́ta, obìnrin kan yọ lójú rẹ̀ tó ń di ikùn mú, ó ní òun mọ àṣírí bí ikùn ṣe ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ o!" Ọ̀gá ilé-ìwé náà gbọ́.

Mo délé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ìbínú. Mi ò bọ́ bàtà, mo jókòó, mo tún gbé ọfà máòsì lọ sórí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n wo àjà. Mo yí ìrọ̀rí. Ó ṣì ń wo àjà. Mo tan fáànù. Ó ṣì ń wò ó. "Kí ló wà lókè yẹn gan-an?" mo ní, mo sì mú ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Ó gbé ojú wálẹ̀. Mo gbé ọfà padà síbẹ̀. Ojú rẹ̀ gòkè.

Mo yí àga mi sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìrọ̀rí."

Ó pa ojú dé.

"Kì í ṣe ooru. Ẹ̀ ń sọ fún mi pé kí n má tẹ̀ ẹ́."

Ó pa ojú dé, ó pẹ́ kó tó là á.

Gbogbo ọjọ́ yẹn, ẹni tó fi kọ̀mpáílà jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pariwo pẹ̀lú gbogbo ohun tó ní, èmi sì ń yí ìrọ̀rí. Mo béèrè èyí tó yẹ kí n wá. Mo bẹ̀rẹ̀ ábídí wa, a, b, d, mo kà á dé y, kò pa ojú. Mo tún kà á. Kò pa ojú. Mo rò pé ó ti sùn lójú lílà. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta ló wá yé mi pé lẹ́tà tó ń wá kò sí nínú ábídí wa. Mo bọ́ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, mo sì rí i mú. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni orúkọ náà. Ó lé ní wákàtí kan ká tó kó wọn jọ, mi ò sì lè bá a parí rẹ̀, torí mi ò mọ̀ ọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, mo jókòó jẹ́jẹ́ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Ojú ewé rẹ̀ funfun gbòò bí ìwé ìdánwò, kò sí bọ́tìnì aláwọ̀ ewé, kò sí obìnrin oníkùn. Ó kéré débi pé omi tí mo gbé kaná kò tíì hó tó fi wọlé tán. Àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ló jọ kọ ọ́, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn sókè. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni pé nǹkan kan dún ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń ro mí. Mò ń kọ ọ́, ó ń wò ó. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, ó ń wo àjà, mò ń fi ìka tọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan títí á fi pa ojú dé lórí èyí tó bàjẹ́. A ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ọ̀rọ̀ bí ètò náà ṣe máa ṣí lójú kọ̀ǹpútà ni, àti bí iná ṣe máa yára tó. Mi ò bi í ní nǹkan kan nípa ọjọ́ Àìkú. Mo sọ fún ara mi pé mi ò fẹ́ kí Káfíńtà sọ pé mo kọ́ ọ ní ohun tó máa wí. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilé-ìwé gba láptọ́ọ̀pù rẹ̀ padà nítorí ọ̀rọ̀ ikùn. Kò ká mi lára. Ètò ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa, mo sì ti kó gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì. Ó ku kí n gbé e sórí kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yẹ ìdáhùn wò kí wọ́n tó fà á lé mi lọ́wọ́. Èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sùn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta bí òkúta inú odò.

Ọjọ́ Àìkú pé. Káfíńtà gbé ọkọ̀ wá, ó ní kí n má bínú, kó lè wà nítòsí ni. Ṣùgbọ́n ó tún gbé nǹkan mìíràn wá, pátákó kékeré kan tó ti fá títí ó fi ń dán, tó gbẹ́ ibi tí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n máa sùn sí, tó sì fi ìṣó kéékèèké de máòsì mọ́ ọn ní ibi tí ìka náà máa bọ́ sí gẹ́lẹ́. Ó wọn ìka náà pẹ̀lú ojú lásán. Mo wò ó, inú mi yọ́ sí i díẹ̀.

Mo ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Mo tẹ ètò náà. Kọ̀ǹpútà ní ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí. Mo tún un tẹ̀. Ó tún sọ ọ́.

"Ó ṣiṣẹ́ lórí ti ilé-ìwé!" mo ní.

"Ṣé ti ilé-ìwé ni Bọ̀dá máa fi sọ̀rọ̀ ni?"

"Mo ní ó ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì!"

"Àǹtí, mo gbọ́." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. "Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún, ẹkún ti ọjọ́ yẹn àti ti àwọn ọjọ́ tí mi ò ráyè sun ún. Ìyàwó Káfíńtà fi ọwọ́ lé mi léjìká. Nígbà náà ni mo gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ìka Ẹ̀gbọ́n ni, ó ń lu pátákó. Ojú rẹ̀ wà lára mi.

Mo nu imú. Mo ka ábídí wa, kò pa ojú. Mo ka ti Gẹ̀ẹ́sì, kò pa ojú. Ìyàwó Káfíńtà ní, "Àbí nọ́ńbà ni?" Ẹ̀gbọ́n pa ojú dé. Mo ka nọ́ńbà. Ó mú ẹẹ́ta. Ó mú eéjì.

"Méjìlélọ́gbọ̀n," mo ní, mo sì gbá ara mi lórí.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni tirẹ̀. Ọ̀nà inú irú wọn jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ti láptọ́ọ̀pù ilé-ìwé jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ohun tó ń gba ọ̀nà tóóró lè gba ọ̀nà gbòòrò, ṣùgbọ́n mo ti di ẹrù ọkọ̀ ńlá, mo fẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà ilé wa kọjá. Ojú ewé funfun yẹn kúkú ní kọ̀mpáílà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún ẹ̀rọ tuntun, ọ̀kan fún ti àtijọ́. Èmi ni mi ò ka ìlà kejì. Mo fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù mi fà á wálẹ̀, mo sì tú ètò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, lórí ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n gan-an. Káfíńtà dúró sẹ́yìn mi, ó ń mí.

Lẹ́tà kún ojú kọ̀ǹpútà. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ó yá," Káfíńtà ní. "Òfin kan wà. Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ títí Bọ̀dá á fi fi àmì ìdánudúró sí i. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu."

"Mo gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́. Iná ti yára jù, ó bọ́ sí lẹ́tà tí kò fẹ́, ó pa á rẹ́. Mo dẹ iná náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. M. O. A ń gbọ́ ohùn pátákó nìkan, àti ti ẹnì kan tó ń fọ ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kó tó di pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀.

MO FẸ́ LỌ

Mo la ẹnu, Káfíńtà wò mí, mo pa á dé. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé ó ti tán, màá lè sùn, màá lè sùn, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kò sí àmì ìdánudúró. Iná ṣì ń rìn, ìka rẹ̀ ṣì ń dúró dè é.

MO FẸ́ LỌ SÍ ÌTA.

Ó tún ń bá a lọ. ILÉ KÁFÍŃTÀ WÀ NÍLẸ̀Ẹ́LẸ̀. MÀÁ MÁA RÍ ÈÈYÀN.

Ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e ti ilé-ìwòsàn dé, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gun àtẹ̀gùn yẹn, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Fèrèsé tó wà níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ògiri ilé kejì ló kọjú sí, ògiri àti páìpù omi kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọlé tí mò ń ṣàròyé fún un pé àtẹ̀gùn yìí fẹ́ pa mí. Èmi tí mò ń gùn ún.

Káfíńtà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bọ̀dá, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa gbé àga yín sí," ó ní. "Gbogbo àdúgbò á máa kí yín títí á fi sú yín. Ṣùgbọ́n lónìí yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé yín sọ̀kalẹ̀ kí ẹ jókòó díẹ̀." Ó ti ń sáré lọ pe fọganáísà tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀ kó wá bá a gbé e. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e láti wá àga.

Ó ku èmi àti Ẹ̀gbọ́n. Ó dùn mí, ó sì tù mí lára lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n kọ́kọ́ gbà. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n, látọjọ́ yìí, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Iná rìn. Ìka rẹ̀ dìde, ó wálẹ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ nígbà tó ku lẹ́tà méjì, mi ò bá a parí rẹ̀.

O KÒ BÉÈRÈ.

Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo fẹ́ ka gbogbo ohun tí mo ti béèrè fún un: ṣé ebi ń pa yín, ṣé ooru ń mú yín, ṣé kí n yí ìrọ̀rí. Mo ti bi í ní orúkọ kọ̀mpáílà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo jókòó tì í fún ohun tó lé ní wákàtí kan.

"Kí ló tún kù tí mi ò béèrè?" mo ní.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Káfíńtà àti fọganáísà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹlẹ bí alárù. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ wọn pẹ̀lú. Ìka rẹ̀ yára ju bó ṣe ń yára látàárọ̀ lọ.

Ó PỌ̀. ÌTA NÁ.

Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fún wọn.